Ta Ló Ní Ọlọ́run Nìkan La Ó Jíhìn Fún?

Ìran kan wà tí àwọn ọmọ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ bí ẹni mowó. Ìpàdé ọdọọdún ni. Alága ti fi àdúrà ṣí i, akọ̀wé ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé èṣí, ó wá kan ọ̀rọ̀ owó ilé ìjọsìn tuntun, èyí tí wọ́n ti ń dá owó lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́ tí koríko sì ti bo ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó tẹríba, ó ní kí akápò jọ̀wọ́ ka iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ilé pa lọ́lọ́. Bàbá ìjọ wúkọ́. Ìyá àgbà kan fa ọmọ náà láṣọ pé kó jókòó, pé wọn kì í bi àgbà nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Akápò ò tilẹ̀ bínú. Ó nawọ́ sókè, ó ní, "Ọlọ́run rí mi. Ọlọ́run nìkan ni mo máa jíhìn fún." Gbogbo ilé ṣe àmín, wọ́n dá orin, wọ́n pín ìrẹsì, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ akápò yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Pásítọ̀ tí wọ́n bi léèrè ibi tí owó ìkórè gbà lọ ń sọ ọ́. Ọkọ tó ń na ìyàwó rẹ̀ ń sọ ọ́ bí àwọn àna bá wá pè é lẹ́jọ́. Òṣèlú tó jẹ òṣìṣẹ́ ní owó oṣù ń sọ ọ́ níbi ìsìn ìdúpẹ́, tí àlùfáà á sì gbọ́wọ́ lé e lórí. Ohun tó fún un lágbára ni pé ó dún létí bí ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ta ni yóò bá ẹni tó pe orúkọ Ọlọ́run jiyàn?

Ó yẹ kí ẹnì kan bá a jiyàn. Láti inú òfin Mósè títí dé lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, kò sí ibi tí Ọlọ́run ti gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi orúkọ Òun sá fún ẹni tó ṣẹ̀. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run nìkan ni òun yóò jíhìn fún kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù Ọlọ́run. Ibi ìsádi ló rí, ibi tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní lè tọ òun dé.

Kì í sì í ṣe owó nìkan ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ó ń jẹ ẹ̀mí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò alájà púpọ̀ kan wó lulẹ̀ nínú ọgbà ìjọ Synagogue Church of All Nations ní Ìkòtún, nílùú Èkó. Ènìyàn 116 ló kú. Ó lé ní 80 nínú wọn tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa, àwọn tó wọ ọkọ̀ òfúrufú wá gbàdúrà. Wọn ò tíì hú òkú tán lábẹ́ kọnkéré nígbà tí olórí ìjọ náà, T.B. Joshua, ọmọ Àrìgìdì Àkókó, ti ń sọ fún aráyé pé ọkọ̀ òfúrufú àjèjì kan ló ń fò yí ilé náà ká kó tó wó. Wọ́n gbé fídíò rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀: ọ̀tá ló ṣe é, àwọn tí kò fẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run ni.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní kí ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ikú gbọ́ ọ̀ràn náà. Àwọn ẹlẹ́rìí wá, àwọn onímọ̀ nípa ilé kíkọ́ sọ tẹnu wọn. Wọ́n fìwé pe olórí ìjọ náà pé kó wá sọ tirẹ̀, kò yọjú. Ní oṣù Keje ọdún 2015, Adájọ́ Oyetade Komolafe ka àbọ̀ ìwádìí rẹ̀. Kò sí ọwọ́ ọkọ̀ òfúrufú níbẹ̀, kò sì sí ti bọ́ǹbù. Ilé náà ni kò lágbára tó láti gbé ara rẹ̀ dúró, ìjọ kò sì gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé kí wọ́n tó máa gbé àjà lé àjà. Adájọ́ ní kí wọ́n pe àwọn tó bójú tó ilé kíkọ́ náà lẹ́jọ́, kí wọ́n sì wádìí ìjọ fúnra rẹ̀.

Ká ní wọ́n ti sọ lọ́jọ́ kẹta pé, "A kọ́lé láìgba àṣẹ. Orúkọ àwọn tó bá wa kọ́ ọ rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá, ẹ jẹ́ ká mọ bí a ó ṣe tọ́jú àwọn ọmọ tí òkú fi sílẹ̀," ta ló máa sọ pé ìgbàgbọ́ wọn ti yẹ̀? Àwọn tó ń sunkún ní Johannesburg ì bá rí ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún dípò bẹ́ẹ̀. Ìjọ mìíràn kò sì rí ẹ̀kọ́ kọ́, nítorí ta ló lè kọ́gbọ́n lára ọkọ̀ òfúrufú? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, òrùlé ilé ìjọsìn kan tí wọn kò tíì kọ́ tán já lu àwọn ènìyàn nílùú Uyo, níbi tí wọ́n ti ń fi olùdásílẹ̀ ìjọ náà jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ èèyàn tún kú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Bíbélì kà sí ìbẹ̀rù Ọlọ́run, kó lọ ka Léfítíkù orí 6. Ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ owó tí ẹnìkejì fi pamọ́ sí i lọ́wọ́ ni, tàbí ẹni tó rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jẹ tó sì búra èké lé e. Òfin kò ní kó lọ sórí òkè. Ó ní kó dá ohun náà padà pé pérépéré, kó fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e, kó sì gbé e lé olóhun lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó bá fẹ́ rú ẹbọ ẹ̀bi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tó fa àgbò lọ sọ́dọ̀ àlùfáà. Ní owó òde òní, ẹni tó jẹ ₦100,000 yóò kó ₦120,000 fún olówó kí wọ́n tó dárúkọ àgbò. Olówó ló ṣáájú, àlùfáà ló tẹ̀lé e. Bí olówó bá ti kú ńkọ́? Ìwé Númérì orí 5 ti dí ihò yẹn: kó san án fún ìbátan rẹ̀, bí kò bá sì ní ìbátan, kó san án fún Olúwa nípasẹ̀ àlùfáà. Ikú olówó pàápàá kò pa gbèsè rẹ́.

Jésù kò fa òfin yẹn ya. Nínú Mátíù orí 5, ẹni tó ti gbé ọrẹ dé iwájú pẹpẹ, tó wá rántí pé ẹnì kan ní ẹ̀sùn sí òun, Jésù ní kó gbé ọrẹ náà kalẹ̀ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá onítọ̀hún parí ọ̀rọ̀. Sákéù, olórí agbowó-orí ní Jẹ́ríkò, kò dúró kí wọ́n sọ fún un. Ó dìde lójú gbogbo ayé, ó ní ìdajì dúkìá òun di ti àwọn tálákà, ẹni tí òun bá sì ti rẹ́ jẹ, ìlọ́po mẹ́rin lòun yóò fi san án. Lẹ́yìn tó sọ èyí tán ni Jésù tó sọ̀rọ̀ ìgbàlà nínú ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akápò òde òní fi ara rẹ̀ sípò Sákéù, kó ní Olúwa ti dárí ji òun, pé ẹni tí inú ń bí kó lọ gbàdúrà. Bóyá ni oúnjẹ ọjọ́ náà ì bá dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Pọ́ọ̀lù náà rèé, àpọ́sítélì tí kò sí ẹni tó lè bá a du àmì òróró. Nígbà tí àwọn ìjọ dáwó fún àwọn aláìní Jerúsálẹ́mù, kò dá owó náà gbé. Kọ́ríńtì Kejì orí 8 sọ bó ṣe ṣètò pé kí Títù lọ, kí ẹlòmíràn tí àwọn ìjọ fọwọ́ ara wọn yàn sì bá a lọ. Ìdí tó ṣe fún un ni pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan sọ lórí owó ńlá bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ òun gbọ́dọ̀ mọ́ lójú Olúwa, kó sì mọ́ lójú ènìyàn pẹ̀lú. Ó mọ̀ pé Ọlọ́run rí òun. Ó ṣì yan ẹlẹ́rìí.

Ibí yìí ni àwọn agbèjà àṣà náà máa ń fa Orin Dáfídì 105 yọ, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Wọn kì í ka ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀. Orin náà ń sọ ìtàn Ábúráhámù, Ísáákì àti Jékọ́bù, nígbà tí wọn kò ju ìwọ̀nba lọ, tí wọ́n ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tí Ọlọ́run kìlọ̀ fún àwọn ọba alágbára pé kí wọ́n má ṣe àwọn àlejò aláìníbàátan yìí níbi. Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run fi dáàbò bo aláìlágbára lọ́wọ́ alágbára ni wọ́n gbà, tí wọ́n fi ń dáàbò bo alágbára lọ́wọ́ opó tó ń san ìdámẹ́wàá.

Dáfídì tí wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ ńkọ́? Òótọ́ ni pé kò pa Sọ́ọ̀lù nínú ihò àpáta. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ó gé etí aṣọ ọba, ó jáde, ó gbóhùn sókè níwájú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ ogun, ó na aṣọ náà sí Sọ́ọ̀lù, ó sì bi í léèrè ìdí tó fi ń wá ẹ̀mí òun kiri. Kò fọwọ́ kàn án, ó sì bi í léèrè lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí Dáfídì fúnra rẹ̀ jọba tó gba ìyàwó Ùráyà, tó sì ní kí wọ́n ti ọkọ rẹ̀ síwájú ogun, wòlíì Nátánì wọlé tọ̀ ọ́, ó sọ ọ́ sí i lójú. Ọba kò ní kí wọ́n mú Nátánì. Sámúẹ́lì tó da òróró sí àwọn méjèèjì lórí tilẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nígbà tó darúgbó, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní kí ẹni tí òun bá gba màlúù rẹ̀ tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ wí, kí òun dá a padà. Ọba tí òun fúnra rẹ̀ fi òróró yàn ló sì pè ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni àmì òróró ni wọ́n ń jíhìn níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó da òróró náà sí i lórí ló sì ń jíhìn.

Àwọn ọmọ ìjọ pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Pásítọ̀ kọ́ ló yá owó alájẹṣẹ́kù tó fi ṣe ọjọ́ ìbí, tó wá di àwátì. Àwọn onídùúró ló ń san gbèsè náà nínú owó oṣù wọn, ẹni tó jẹ gbèsè sì wà lórí òkè, ó ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ó ń gbàdúrà kí iná jó ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀ tó so ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run dáhùn irú àdúrà bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe gbà á, ẹ̀rù yẹ kó kọ́kọ́ ba ẹni tó ń gbà á. Sọ́ọ̀lù ló fi irú rẹ̀ lélẹ̀ nígbà tí Sámúẹ́lì bá àgùntàn Ámálékì lọ́dọ̀ rẹ̀: ó ní àwọn ènìyàn ló dá wọn sí, ìrúbọ sí Olúwa ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe. Ó rí ẹni tó di ẹ̀bi rù, ó rí ọ̀rọ̀ ìjọsìn tó fi bò ó. Ìjọba bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ yìí kò mọ ọ̀nà mìíràn rí. Ní ọdún 1973, William Kumuyi, ọmọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15. Ibẹ̀ ni ìjọ Deeper Life ti ṣẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé karí ni pé ẹni tó bá ronú pìwà dà gbọ́dọ̀ dá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ padà. Àwọn ènìyàn kó irinṣẹ́ padà sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti jí i, wọ́n kọ ìwé pé ìwé ẹ̀rí tí àwọn fi ń ṣiṣẹ́, màgòmágó ni àwọn fi gbà á. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́. Lónìí, tẹlifíṣọ̀n tí ìjọ náà kọ̀ nígbà náà ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́. Ìwé tí wọ́n kọ sí ọ̀gá wọn, kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kọ ọ́ gan-an ni àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn tó ń ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ìjọba tó ń jẹ owó ìlú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ìwé owó ìjọ wò. Nígbà tí àjọ tó ń mójú tó ìṣirò owó ní Nàìjíríà gbé òfin jáde ní 2016 pé olórí ìjọ kò gbọdọ̀ lò ju 20 ọdún lọ lórí àlééfà, Pásítọ̀ Enoch Adeboye gbé ipò alábòójútó ìjọ Ìràpadà ní Nàìjíríà lé Joseph Obayemi lọ́wọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2017. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí Ààrẹ Buhari fi yọ ọ̀gá àjọ náà, Jim Obazee, tí wọ́n sì dá òfin náà dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Buhari fọwọ́ sí òfin ilé iṣẹ́ tuntun, èyí tí abala 839 rẹ̀ jẹ́ kí ìjọba lè dá àwọn alábòójútó ìjọ dúró bí màgòmágó bá wọ ọ̀ràn owó. Ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, CAN, ta kò ó, Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo ta kò ó. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n nídìí. Agbára tí ìjọba bá fi mú olè lónìí, ó lè fi mú ẹni tó bá a wí lọ́la.

Ó dára, kí ìjọba dúró lóde. Ta ló wá wà nínú ilé tó ń béèrè? Bí àwọn tó kọ̀ fún ìjọba bá ti ń ka ìwé owó wọn fún ọmọ ìjọ láti ọdún gbọ́nhan, àtakò wọn ì bá wúwo bí òkúta. Ìdáhùn tí wọ́n fún Abuja náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń fún ọmọ ìjọ tó ń dá owó náà.

Àtakò kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀tá lè fi ìbéèrè ṣe ohun ìjà. Ìjọ Yorùbá ti rí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, nílùú Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tí CMS rán wá dojú kọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, àgbàlagbà tó ti lé ní 80 ọdún, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó. Wọ́n ń fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń dá wọn lẹ́bi. Crowther fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 1891 ń parí lọ, ó kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. Kò ní Ọlọ́run nìkan ló lè bi òun. Ó jókòó tì wọ́n, ó béèrè ẹ̀rí. Ohun tí Tímótì Kìíní orí 5 ní kí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn: kí wọ́n má gba ẹ̀sùn kan alàgbà láìsí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹsẹ tó tẹ̀lé e ni àwọn pásítọ̀ kì í fẹ́ kà, èyí tó ní kí wọ́n bá ẹni tó bá jẹ̀bi wí níwájú gbogbo ìjọ. Orí kan náà ló dáàbò bo aláìṣẹ̀, tó sì fa ẹlẹ́ṣẹ̀ síta.

Wọ́n ní ìṣirò yóò tú ìjọ ká. Ẹ wo London. Ìjọ tí àwọn ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ níbẹ̀, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £25,000 lọ, gbọ́dọ̀ fi ìwé owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Charity Commission, ẹni tó bá sì ní fóònù lè ṣí i kà. Àjọ náà wádìí ìjọ KICC tí Matthew Ashimolowo ń darí, wọ́n gbé àbọ̀ jáde ní 2005 pé wọ́n ná owó ìjọ ní ìnákúnàá, Ashimolowo sì ní láti dá £200,000 padà. Ìjọ náà kò tú ká. Àwọn ọmọ ìjọ ń jọ́sìn lọ, wọ́n kàn wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó wọn ni. Ẹ̀ka ìjọ ńláńlá Èkó àti Ìbàdàn kún ìlú náà, òfin yẹn sì kan àwọn náà. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí Ọlọ́run ní Peckham, kí ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní Ìkẹjà?

Ìjíhìn kan tún wà tó le jù, ìyẹn lórí ohun tí ọwọ́ ẹni kò ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ìwádìí kan sọ bí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Smyth ṣe fìyà jẹ àwọn ọmọkùnrin àti ọ̀dọ́ tó lé ní 100, àti bí àwọn aláṣẹ ìjọ Áńgílíkà ní England ṣe mọ̀ tí wọn kò gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìgbà náà, Justin Welby, kọ́ ló nà wọ́n. Wọ́n sọ fún un ní 2013, kò sì tẹ̀lé e dé òpin. Ó kọ́kọ́ ní òun kò ní lọ. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó kéde pé òun yóò fi ipò náà sílẹ̀. Ariwo ló lé e débẹ̀, ó sì débẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin akọrin tó bá sọ ohun tí olórí akọrin fi í ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ìjọ ni wọ́n máa ń mú un lọ, kí wọ́n gbàdúrà fún un, kí wọ́n sì ní kó má ba orúkọ Jésù jẹ́.

Ohun tí ó kù láti ṣe kò le. Ní ìkórè tó ń bọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo iṣu àti ewúrẹ́, kí akápò ka ti èṣí, iye tó wọlé, iye tó jáde, ohun tí wọ́n fi ṣe. Kí àwọn méjì tí kì í ṣe ẹbí pásítọ̀ yẹ ìwé náà wò, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí ìyá aláta lè dúró sí kà á. Kí ọmọ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn dé àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà, kí pásítọ̀ sì bá a lọ. Kí ẹni tó jẹ gbèsè alájẹṣẹ́kù sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè wá bẹ onídùúró rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwọ̀nyí kò bá ìbẹ̀rù Ọlọ́run mu, kó ṣí Léfítíkù orí 6 níwájú ìjọ, kó fi ìka tọ́ ibi tí àgbò ti ṣáájú owó olówó.